Mítà 250 Náà, Ta Ló Ni Ín?

Katakata ti wọ Landmark, ibi ìgbafẹ́ etí òkun l'Ékòó, ó sì ti wó o nítorí ọ̀nà etí òkun tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Calabar. Láti ìgbà náà ni àwọn olókòwò etí òkun àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òde ti ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú: èló ni, ta ló tọ́ sí, ta ló kọ́lé síbi tí kò yẹ. Kí wọ́n san owó ẹni tó níwèé lọ́wọ́, kí wọ́n sì tètè san án. Ìyẹn kọ́ ló gbé wa dìde.

Ọ̀rọ̀ kan tí mínísítà fún iṣẹ́ òde, Dave Umahi, fi gbèjà iṣẹ́ náà ni: pé mítà 250 láti etí omi, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ó dáa. Bó bá jẹ́ ti ìjọba, a jẹ́ pé ti gbogbo wa ni. Ibo wá ni ọmọ Ajégúnlẹ̀, tàbí ìyá tó ń ta ata l'Ọ́báléndé, yóò gbà dé ìdí omi lórí ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn yìí, tí ẹnì kan ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn? Landmark fúnra rẹ̀ máa ń gba owó ìwọlé tẹ́lẹ̀, a ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹni tó bá ń kà wá mọ̀ pé a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pariwo yìí. Bar Beach, etí òkun gbogbo ayé l'Ékòó nígbà kan, ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Aláṣọ funfun ń gbàdúrà níbẹ̀, ọmọdé ń gẹṣin, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò ń jókòó ti ẹni tó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá. Òkun ń jẹ ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ará ìlú kọ́ ló ránṣẹ́ pè é. Òkúta tí ìjọba amúnisìn tò sẹ́nu ọ̀sà láàárín 1908 sí 1912, kí ọkọ̀ òkun lè rọ́nà wọ èbúté, ló dá iyanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró: apá kan ń ga sí i, òkun ń jẹ Bar Beach lọ. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tún un ṣe, odi òkúta ni wọ́n mọ, wọ́n sì kọ́ Eko Atlantic, ìlú tuntun lórí iyanrìn tí wọ́n kó dí òkun, sẹ́yìn rẹ̀. Iyanrìn padà. Ará ìlú ò padà.

Ẹ má sì sọ fún wa pé ọ̀nà ọkọ̀ àti etí òkun ò lè jọ gbé. Ní Meadowdale, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, òkìtì ojú irin ló há ẹnu odò kékeré kan mọ́, tí ẹja salmon ń rápálá gba ihò tóóró kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ Snohomish gé òkìtì náà, wọ́n fi afárá rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ṣí ọgbà ibẹ̀ padà ní 2023. Reluwé ṣì ń kọjá lókè. Ẹja àti èèyàn ń gba ìsàlẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀nà náà yóò gùn tó 700 kìlómítà dé Calabar, pé kìlómítà 47.47 àkọ́kọ́ yóò gbà ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ, pé a ó sì máa san owó tọ́ọ̀gèètì. Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà sọdá dé omi, a ò gbọ́. Ihò tí omi àbàtà Lẹ́kì yóò gbà, níbi tí ọmọ ẹja ti ń dàgbà, ṣé yóò fẹ̀ tó? A ò gbọ́ ìyẹn náà. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ẹ̀yin ìjòyè!

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà má sá sẹ́yìn Àbújá. Àwọn ló fọwọ́ sí Eko Atlantic. Kí wọ́n gbé òfin lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ wà dé gbogbo etí òkun, ì báà jẹ́ ti ọba tàbí ti oníṣòwò. Kí mínísítà sì gbé àwòrán ọ̀nà náà jáde, kó sàmì síbi tí mẹ̀kúnnù yóò gbà. Bí kò bá sírú ibẹ̀ nínú rẹ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀ kí kọnkéré tó gbẹ.