Bí Ò Sí Èèyàn, Òrìṣà Ò Sí

Òwe yìí ni mo fẹ́ fi dá àwọn tó ń jà lóhùn, àwọn tó ń bi ara wọn bóyá ó yẹ kí ẹni tí ò gba Ọlọ́run gbọ́ máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹlòmíì. Èèyàn ló ń rúbọ, èèyàn ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn náà ló ń gbálẹ̀ mọ́ṣáláṣí, torí ẹ̀ èèyàn ló yẹ ká kọ́kọ́ fún lọ́wọ̀. Ìgbàgbọ́ ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn lè gba ìbéèrè. Àwọn àgbà yìí kan náà kúkú ni wọ́n ń sọ ọ́ sójú òrìṣà pé bí o ò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi.

Nílẹ̀ Okun wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogi, bàbá lè máa lọ sí Kátólíìkì ní Kàbà, kí ìyàwó ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ ECWA láti Ẹ̀gbẹ̀, kí àbúrò bàbá jẹ́ Àlàájì, tí egúngún bá sì jáde, kálukú mọ ibi tó ń yà sí. Wàhálà ò sí, àfi tẹ́nì kan bá ní òun ò sí nínú ìkankan. Ó ṣẹlẹ̀ nílé ìbátan wa kan nígbà ìsìnkú, wọ́n ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, àdúrà náà gùn débi pé iyán ti ń tutù (ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o), ọmọ yunifásítì kan ò dijú, ó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ìyẹn ò burú lójú tèmi. Ìgbà tó wá bú sẹ́rìn-ín, tó ní "Ẹ̀yin màmá, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni?" níwájú opó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ṣìwà hù. Màmá yẹn ni ọmọ náà ṣẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní gbogbo ìgbàgbọ́ pátá la gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún, kó rántí ọ̀rọ̀ ìbejì. Nígbà tí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, èèwọ̀ ni ìbejì jẹ́ nílẹ̀ Yàgbà, wọ́n ń pa wọ́n. Ó bá àwọn èèyàn gbé, àmọ́ kò gbà fún èèwọ̀ yẹn. Àwọn tí wọ́n wá ń ṣe ẹ̀sìn tó gbé wá lónìí, àwọn kan nínú wọn ni ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi tiwọn léèrè!

Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa lómìnira èrò àti ẹ̀sìn, títí kan kéèyàn pààrọ̀ ẹ̀sìn. Síbẹ̀ Mubarak Bala, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn humanist nígbà náà, àwọn tó gbà pé èèyàn lè hùwà rere láìgba Ọlọ́run gbọ́, torí ohun tó kọ sórí Facebook ni wọ́n ṣe mú un ní 2020, kóòtù Kánò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24 ní 2022, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gé e sí ọdún 5 ní 2024, ó jáde ní 2025. Ọlọ́run tó dá ayé, ṣé ọlọ́pàá ló máa bá a gbèjà ara ẹ̀ ni?

Ìwọ ọmọ wa tí o ò gbàgbọ́, tí wọ́n bá ń gbàdúrà, jókòó jẹ́ẹ́, tí egúngún bá jáde, yà fún un. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà, tó bá bi yín ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ìsọjí tí ẹ ní kó dá ṣe, ẹ dá a lóhùn, ẹ má sọ pé Èṣù ló ń lò ó.