Kì í ṣe gbogbo Kia àti Hyundai ni olè lè fi wáyà USB gbé

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé gbogbo Kia àti Hyundai ni olè lè fi wáyà USB tan, pé kí kálukú yára ta tiẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láàárín 2011 sí 2022, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí tan, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní immobilizer, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ àfi tó bá dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà mọ̀. Èyí tí a ń tẹ bọ́tìnnì tan ní in. Ní Kánádà, òfin ti sọ immobilizer di dandan láti 2007. Ìdí nìyẹn tí irú olè tó gba ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà kan ní 2021 kò fi ràn débẹ̀. Kì í ṣe pé Kánádà kò ní olè tiẹ̀ o: ọkọ̀ ńlá olówó iyebíye ni wọ́n ń jí níbẹ̀, tí wọ́n ń kó gba èbúté Montreal jáde.

Ó máa dùn mí gan-an bí ẹnikẹ́ni bá ta ọkọ̀ rẹ̀ ní pọ́ọ́kú nítorí àhesọ. Bí tiyín bá wà lára àwọn tó kàn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ díílà. Láti oṣù kejì 2023 ni wọ́n ti ń tún sọ́fúwíà ọ̀pọ̀ wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì ra irin tí wọ́n fi ń ti sítíárìn kún un.