Kò Di Dandan Kí Ẹyẹ Dúró Kí A Tó Lè Fi Pẹ́ńsù Yà Á

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn àwòrán yíyà ní Èkó, débi pé ẹnu olùkọ́ ni èmi pàápàá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹyẹ tí kò sí nínú àgò kò ṣe é yà níbi tí ó wà, nítorí pé kì í dúró lójú kan. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ yà á, kí ó kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ó gbé e délé, kí ó wá jókòó ti tábìlì kí ó máa dà á kọ. Òótọ́ ni pé ẹyẹ kì í dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni èrò pé ohun tí kò bá dúró kò ṣe é yà. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń fi pẹ́ńsù ya ẹyẹ ní etí ọ̀sà ní Akọka àti ní àwọn ibòmíràn káàkiri ìlú yìí, ohun tí mo sì rí ni pé ẹyẹ a máa lọ, ṣùgbọ́n a máa padà wá; bí kò bá padà sí ibi kan náà, yóò padà sí ìdúró kan náà. Orí ìpadàbọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọgbà Yunifásítì Èkó, mo jókòó sí etí omi, mo ń ya ẹyẹ apẹja kan, irú èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, tí ó bà sórí òpó igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú ọ̀sà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Bí ẹyẹ náà ti fò, ó ní, “Àǹtí, ẹ ò rí i, ó ti lọ. Bó bá tún bà síbì kan, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi fóònù yà á.” Kí n tó dá a lóhùn, bàbá kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ wa ti sọ fún un pé, “Ọmọ mi, fara balẹ̀. Igi yẹn náà ni yóò tún bà sí.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Ẹyẹ náà so rọ̀ sí òfurufú lókè omi, ó ń ju ìyẹ́ láìkúrò lójú kan, ó já wálẹ̀ bí òkò, ó sì gbé ẹja padà sórí òpó náà, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹja mọ́ igi kí ó tó gbé e mì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti padà síbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwọ̀n ni bàbá yẹn ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kì í ṣe àwòrán, síbẹ̀ ó mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń yàwòrán kò tíì mọ̀.

Ohun tí ó máa ń dá àwọn ènìyàn lágara ni pé wọ́n fẹ́ parí àwòrán kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ gba àwòrán márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo wọn sì wà láìparí. Bí ẹyẹ bá tẹrí ba, mo fa ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ọrùn. Bí ó bá yí padà kí n tó dé ẹsẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìdúró tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá tún tẹrí ba, ọwọ́ mi a padà sí ti àkọ́kọ́ láti fi ẹsẹ̀ kún un. Bí ẹyẹ náà bá sì lọ pátápátá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe ohun kan náà níṣojú mi.

Kò sí ẹyẹ tí ó fi èyí hàn tó ẹ̀gà. Ariwo wọn lórí ọ̀pẹ ni a fi mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú sí iṣẹ́ wọn yóò gbàgbé ariwo. Akọ ẹ̀gà a máa fi ẹnu fa imọ̀ ọ̀pẹ ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò kọ́kọ́ hun ún ní òrùka, yóò sì dúró sínú òrùka náà, yóò máa hun ìtẹ́ yí ara rẹ̀ ká títí dé ibi tí ẹnu rẹ̀ bá lè nà dé. Nítorí pé ojú kan náà ni ó ń dúró sí, tí ọ̀nà kan náà ni ó sì ń kọjú sí, ìdúró rẹ̀ nígbà tí ó ń hun kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nígbà tí ìtẹ́ bá tó wò, yóò so rọ̀ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ìdoríkodò, yóò máa ju apá rẹ̀ méjèèjì kí abo lè rí i. Bí kò bá sí abo tí ó gba ìtẹ́ náà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, òun fúnra rẹ̀ yóò tú u palẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì péré, ẹ ó rí ìdoríkodò yẹn lára akọ kan dé òmíràn títí yóò fi mọ́ ọwọ́ yín lára. Ta ni ó wá lè sọ pé ẹyẹ yìí kò fún òun ní àyè?

Èdè wa lo ọ̀rọ̀ kan náà fún méjèèjì: a ń ya fọ́tò, a sì ń ya àwòrán. Èmi náà a máa ya fọ́tò nígbà tí mo bá fẹ́ rántí àwọ̀ ìyẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ẹyẹ tí ó wà lókè, tí ojú ọ̀run sì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fóònù a sọ ọ́ di dúdú kirikiri; bí a bá ya lékeléke nínú oòrùn ọ̀sán, gbogbo òjìji ara rẹ̀ a pòórá sínú funfun. Fóònù sì tún ń fẹ́ kí a sún mọ́ ẹyẹ, ẹyẹ tí a bá sì sún mọ́ jù ni ẹyẹ tí kò ní padà. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù kì í lé ohunkóhun.

Ọ̀dọ̀ lékeléke ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí fọ́tò kò kọ́ mi. Ní Oko-Ọba, ní Agége, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù, tí wọ́n sì ti ń pa á, lékeléke a máa rìn láàárín ẹsẹ̀ màlúù láti ṣa kòkòrò jẹ. Egungun ọrùn màlúù jẹ́ 7, bíi ti ènìyàn, ṣùgbọ́n ti ẹyẹ máa ń wà láàárín 13 sí 25, ìdí sì nìyẹn tí ọrùn lékeléke fi lè ká jọ, kí ó mì síwá sẹ́yìn, kí ó sì nà jáde lójijì. Ní ọdún tí mo fi ń da fọ́tò kọ, gbogbo lékeléke tí mo yà ni ó rí bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ kán. Ohun tí mo pè ní orúnkún kì í ṣe orúnkún, ọrùn-ẹsẹ̀ ni; orúnkún gan-an wà lókè, ó fara pamọ́ sínú ìyẹ́. Ìgbà tí mo rí i tí ó lóṣòó tí ó sì tún dìde, léraléra, ni ó tó yé mi.

Èrò pé ẹyẹ gbọ́dọ̀ dúró ti wà kí fọ́tò tó dé. John James Audubon, ẹni tí ó tẹ àwòrán 435 ti àwọn ẹyẹ Amẹ́ríkà jáde láàárín 1827 àti 1838, a máa yìnbọn pa ẹyẹ, a sì fi wáyà gbé òkú rẹ̀ ró kí ó tó yà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà lo ọjọ́ púpọ̀ nínú igbó ní wíwo èyí tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Eric Ennion, dókítà ìṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1900, fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, ó sì ń ya ẹyẹ láàyè, nínú ìrìn àti eré wọn, pẹ̀lú ìlà díẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, pẹ́ńsù tí a kọ 2B sí lára tó. Amọ̀ àti gíráfáìtì, ohun dúdú tí ó ń fa ìlà, ni wọ́n pò pọ̀ sínú pẹ́ńsù, láti ìgbà tí Conté, ará Faransé, ti gbé ọ̀nà náà jáde ní 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, ó di H tí ó le, bí ó bá dín, ó di B tí ó rọ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa mú kí ìwé rọ̀, H a sì máa fà á ya. Bí òjò bá kán sí ìlà pẹ́ńsù, kì í ṣàn bíi ti yíǹkì. Mi ò kì í mú rọ́bà ìpàlàrẹ́ dání, nítorí pé ìlà tí mo ṣì fà ni ó ń sọ fún mi ibi tí èyí tí ó tọ́ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn tún wá bá mi ní etí omi ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lásán lọ́wọ́. Ọrùn lékeléke mọ́kànlá ni ó wà lójú ìwé kan, mẹ́wàá nínú wọn kò ní ara. Ìkọkànlá ní ẹsẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níbi tí ó yẹ kí ó wà.