Ta ló ní aláìsàn kì í ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ núkílíà?

"Má sọ fún wọn o. Tí wọ́n bá fi lè mọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn." Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó kàwé ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà ń gbọ́ nìyí bí iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà bá pè wọ́n fún iṣẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó gbé e pamọ́. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà rí, kó pa ẹnu mọ́. Èrò àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn yìí ni pé ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí ìwà rẹ̀ sì dà bíi ti áńgẹ́lì, nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo àwọn tí àyẹ̀wò tiwọn le jù, ìyẹn àwọn tó ń jókòó sí yàrá ìdarí, tí ọwọ́ wọn wà lórí ẹ̀rọ gan-an. NRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó iléeṣẹ́ núkílíà, ló ń fún wọn ní láísẹ́nsì, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wọ́n wò ní ọdún méjì-méjì. Ohun tí dókítà ń wá ni bóyá nǹkan kan wà lára ẹni náà tó lè gbé e ṣubú lójijì, tàbí tó lè da orí rẹ̀ rú, nígbà tí iná ìkìlọ̀ bá ń tàn níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè nípa wárápá, nípa àtọ̀gbẹ tó lè mú kí súgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, àti nípa àìsàn tó ń dá èémí dúró lójú oorun. Wọ́n á wò ó bóyá ojú mọ ìyàtọ̀ láàárín iná pupa, iná aláwọ̀ ewé àti iná aláwọ̀ ọsàn. Imú gbọ́dọ̀ lè gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Kódà ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè mọ bí nǹkan ṣe rí láìfi ojú wò ó, torí àtimọ kókó ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tó ronú débẹ̀ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, lójú tèmi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti kápá ńkọ́? Wọ́n lè kọ ọ́ sínú láísẹ́nsì pé ẹni náà gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó lò ó. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, wọ́n á kọ ọ́ pé awò gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé nǹkan lè ṣe é lójijì, wọ́n lè ní kó má ṣe dá nìkan wà nídìí ẹ̀rọ. Láísẹ́nsì ṣì ni gbogbo ìyẹn o, owó oṣù sì ń wọlé. Bí àìsàn tí kò ní lọ bá yọjú lẹ́yìn náà, ọjọ́ 30 ni iléeṣẹ́ ní láti fi tó NRC létí, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀.

Ti ọpọlọ gan-an ni ìbẹ̀rù pọ̀ sí. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ máa wọ àgbègbè tí wọ́n ń ṣọ́ láìsí ẹni tó ń tẹ̀ lé e ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí, títí kan wẹ́dà. Ìdánwò àkọsílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Èyí tí wọ́n sábà ń lò, MMPI-2, ní ìbéèrè 567, ohun tí èèyàn á kàn máa dáhùn ni bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ibi tí ìmọ̀ràn "ṣe bí áńgẹ́lì" ti ń kó bá èèyàn nìyí: òṣùwọ̀n wà nínú ìdánwò náà tó ń ká ẹni tó ń fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí mọ́. Ẹni tó ní òun kò bínú rí láyé òun ń pe àfiyèsí sí ara rẹ̀ ni. Tí èsì bá ṣe bákan, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá tó ní ìwé àṣẹ á pè é jókòó, wọn á jọ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá ẹni náà ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó gba ìtọ́jú, tó sì sọ bẹ́ẹ̀, ti dáhùn apá kan ìbéèrè yẹn. Irọ́ pípa nínú ìwé tí wọ́n ní kó kọ nípa ara rẹ̀ sì tó láti fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àṣìṣe kejì ni pé téèyàn bá ti yege lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó parí. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1987, NRC pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà Peach Bottom ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìdarí ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ní láísẹ́nsì wà lára wọn o! Ọdún 1989 ni wọ́n tó gbà kí ibẹ̀ tún ṣiṣẹ́. Lónìí òfin ti wà fún àárẹ̀ náà: àwọn tí iṣẹ́ wọn kan ààbò ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 16 lọ láàárín wákàtí 24, tàbí 72 láàárín ọjọ́ méje. Ẹni tó bá rẹ̀ lè sọ pé ó rẹ òun.

Àyẹ̀wò òjijì tún wà fún oògùn olóró àti ọtí, iye tí wọ́n ń ṣe lọ́dún sì gbọ́dọ̀ tó ìdajì iye òṣìṣẹ́. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ mu ọtí láàárín wákàtí márùn-ún ṣáájú iṣẹ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí kò mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí lẹ̀ ń wò.) Igbó tí ìpínlẹ̀ yín gbà láàyè, ìjọba àpapọ̀ kò gbà á níbí. Ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà kọ fún èèyàn yàtọ̀: tí èsì bá gbé e jáde, dókítà tó ń yẹ èsì wò á kọ́kọ́ pe ẹni náà, á béèrè ìwé oògùn rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ìyà ṣe pín. Ẹni tí wọ́n bá oògùn olóró lára rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó kéré tán, ọjọ́ 14 ni òfin fi lé e síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ lè dá a dúró pátápátá tó bá wù wọ́n. Ìgbà kejì, ọdún márùn-ún. Ẹni tó gbé ìtọ̀ ẹlòmíràn wá láti fi tan àyẹ̀wò jẹ, kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ láéláé.