Owó kọ́ ló ń pẹ́, àyẹ̀wò ilé ni
Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, irọ́ ni ohun tẹ́ ẹ kọ pé owó ìjọba tí kì í tètè wọlé ló ń jẹ́ káwa onílé máa sá fún ayálégbé tó ní fáọ́ṣà, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń bá ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò pọ̀ san lára owó ilé. Ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà tí mo wà yìí, ayálégbé mi ń san bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un, ìyókù tí ìjọba ń san ń bọ́ sí àkáǹtì mi níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sílé kí ayálégbé oní-fáọ́ṣà tó kó wọlé ló ń dáni dúró! Àwọn tó wá yẹ ilé wò ní ilé mi ò yege torí fèrèsé kan tí kì í dúró lókè tá a bá ṣí i, ilé wá ṣófo títí wọ́n fi padà wá. Ta ló máa san mọ́géèjì, ìyẹn gbèsè báǹkì tí mo fi ra ilé?

Ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ò ní gba oní-fáọ́ṣà láéláé, ẹ rọra o. Láti oṣù kẹwàá 2020 ni òfin ìpínlẹ̀ wa ti ka ìyẹn léèwọ̀. Ẹ wádìí bí ayálégbé ṣe ń tọ́jú ilé, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é.