Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, tí ẹ rántí wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù bíà wa ní Chicago ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì. Àwọn kan á ka tiyín, wọn ò sì ní bi wá léèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti sọ tèmi.

Ẹ ní ìgò bíà méje lẹ rà fún ọ̀sẹ̀ yìnyín, pé mẹ́ta ti bàjẹ́, méjì bẹ́, ọmọ tó gbowó lọ́wọ́ yín kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ tún wá ní Ọjọ́rú, ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ sọ̀rọ̀ owó náà. Ti owó, iye rẹ̀ wà lára ìgò kí ẹ tó gbé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2019, lẹ wọlé. Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n sọ pé yìnyín ń bọ̀ wá bo Chicago, ẹ ò sì fẹ́ mu oríṣi bíà kan lẹ́ẹ̀mejì títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Inú mi dùn sí i. Èmi fúnra mi ni mo bá yín ṣà á. Mo kọ orúkọ ọjọ́ sí ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mu ún. Fóònù lẹ ń dáhùn.

Ti ọjọ́ Àìkú, ẹ ní ó "ń rùn bí ẹja yíyan". Ẹ̀gbọ́n, èéfín ni wọ́n fi ṣe é! Bíà ìlú Bamberg ni, ní Jámánì. Wọ́n á jẹ́ kí ọkà bálì hù, wọ́n á wá fi iná igi yan án gbẹ, èéfín á wọnú ọkà lọ, kò ní jáde mọ́. Ohun tí à ń ṣe sí ẹja náà ni wọ́n ń ṣe sí ọkà. Mo ní kí ẹ fi ẹran díndín tì í. Kéèkì lẹ fi mu ún.

Ti ọjọ́ Ajé, ẹ ní ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀ ìgò. Bíà àlìkámà nìyẹn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni ìwúkàrà tó sọ ọ́ di ọtí, òun náà ló ń mú kó máa ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu á ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ìgò, wọ́n á mì ín, wọ́n á wá dà á kún ti inú ife. Ẹ̀yin fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní ó ti kan. Ó kan lóòótọ́! Bí kò bá kan, mi ò ní tà á. Ìtòsí Brussels ni wọ́n ti ń ṣe é, ìgbà òtútù ni wọ́n sì ń sè é. Wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú agbada fífẹ̀ tí kò lómorí, wọ́n á fi sílẹ̀ di àárọ̀ kí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ bà lé e. Ẹnikẹ́ni kì í bu ìwúkàrà sí i. Ó di inú àgbá, kí wọ́n tó wá pa ti ọdún kan, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi pé ìdí ọ̀pẹ lẹ dàgbà sí, ta ló ń bu ìwúkàrà sẹ́mu? Ẹmu àárọ̀, bó bá dalẹ́, ṣé kì í kan ni? Ẹ ò sì kọ̀wé bú adẹ́mu rí.

Ó wá kan èyí tó dùn mí jù. Ẹ ní ìgò wa "ò lágbára", pé ìdí nìyẹn tí méjì fi bẹ́. Ẹ ò kọ ibi tí ẹ gbé e sí. Nígbà tí ẹ pè mí ní Ọjọ́bọ̀, ẹnu yín lẹ fi sọ pé ọbẹ̀ ìkómọ ti kún fíríìjì, lẹ bá gbé páálí síta sí báákónì ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. (Guinness Foreign Extra ti Ọjọ́rú nìkan lẹ fi sínú ilé. Kò yà mí lẹ́nu.) Láàárọ̀ ọjọ́ 30, òtútù Chicago já sí -30 lórí ìwọ̀n Celsius. Bíà lásán ti ń dì kó tó dé -3, omi tó bá sì dì á wú ní nǹkan bí 9 nínú 100. Ìgò wo ló fẹ́ gbà á?

Ìkẹta tó wà níta, bíà dúdú ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ní òun nìkan ló dáa, pé ó le, ó sì nípọn. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà dì. Ẹ dorí ìgò kodò sínú ife, ẹ ń mu ohun tó ń kán sílẹ̀. Ọtí ló ń kọ́kọ́ yọ́, omi á ṣì wà ní dídì. Ní Kulmbach, ní Jámánì, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, Eisbock ni wọ́n ń pè é, owó gidi ni wọ́n sì ń tà á. Ẹ ṣe tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ ní báákónì, ẹ wá yọ ìràwọ̀ mẹ́ta lára wa.

Ọjọ́rú tí ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì, ilé ìwé ìjọba Chicago tì, àwọn apínlẹ́tà kò jáde, iná ni wọ́n ń dá sí ojú irin kí ọkọ̀ ojú irin lè kọjá. Ṣé kí n ní kí ọmọ ọlọ́mọ wá dúró ní ibùdókọ̀ nítorí bíà?

Ọmọ ọ̀hún, ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń bá mi tajà. Àìlẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ rí ni pé ó ní kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, ẹ sì ní irun yín ti funfun. Ó kúnlẹ̀ kó tó béèrè, mo wà níbẹ̀. Òfin ní kí a má ta ọtí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, ìlànà tiwa sì ni pé gbogbo ẹni tó bá wọlé la ó bi, títí kan pásítọ̀ mi.

Ohun kan ni mo gbà: ó yẹ kí n kọ "ẹ má gbé e síta" sára páálí. A ti ń kọ ọ́ báyìí.

Màá fún yín ní méjì míì dípò èyí tó bẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi wa kọ́. Owó mẹ́ta tó "bàjẹ́" kò ní padà, ẹ ti mu ún tán. Ẹ wá kí oṣù Kejì tó parí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání.