Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́

Àǹtí mi kan ń ta léèsì ní Balógun, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Oníbàárà á fọwọ́ pa aṣọ, á wo etí rẹ̀, á ní, "Mọ̀mí, èló lẹ̀yin fúnra yín rà á?" Àǹtí mi á rẹ́rìn-ín, á tún aṣọ náà ká, á ní, "Olówó mi, iye tí mò ń tà á ni kẹ́ ẹ bi mí." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìdáhùn yìí. Mi ò mọ̀ pé yóò wúlò fún mi níbòmíràn.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n bi èmi náà ní irú ìbéèrè yẹn níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, nínú ọ́fíìsì kan ní Marina. Wọ́n ní, "Èló lò ń gbà níbi tó o wà?" Mo tú u kalẹ̀, títí kan owó àjẹmọ́nú ọdún. Wọ́n ní, "Èló wá lo fẹ́?" Mo ní, "Iye tó bá wù yín, sà." Ọ̀gá náà kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi, ó dé bírò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ẹni tá a jọ wọlé lọ́sẹ̀ kan náà, tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ń gba owó tó ju tèmi lọ dáadáa. Kò mọ iṣẹ́ jù mí lọ o. Òun lanu ni.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn kan máa ń fi òwe yìí ti ọmọ ọlọ́mọ pé kó tètè ké iye jáde kó tó jókòó. Òwe náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ní lọ́wọ́ ò dákẹ́, ó ń ná ọjà ni. Ẹni tó dákẹ́ gan-an lẹni tó ní "iye tó bá wù yín". Ó dún bí ìwà ọmọlúàbí, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún àwa tí wọ́n tọ́ pé ọmọ kì í dá owó lé àgbà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ta wa lọ́rẹ là ń sọ ọ́ fún. Àwọn yìí fẹ́ ra oṣù méjìlá nínú ọdún rẹ.

Bí wọ́n bá bi ọ́ ní iye tí ò ń gbà, o lè ní, "Ẹ má bínú, sà, owó tibẹ̀ bá iṣẹ́ tibẹ̀ mu. Ti iṣẹ́ yìí ńkọ́, èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún un?" (Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi sọ ọ́, mo mọ̀, ohùn rẹ ni kó má ṣe le.) Bí wọ́n bá takú, má purọ́. Wọ́n lè ní kó o mú ìwé owó oṣù rẹ wá. Sọ òótọ́, kó o sì so iye tó o fẹ́ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kí èyí àkọ́kọ́ má baà dá dúró.

Iye wo wá ni? Bí a bá pe orí ajá, ká pe orí ìkòkò tí a fi sè é. Bí ọkọ̀ láti Agége dé Ọbáléndé, àlọ àtàbọ̀, bá ń gba 2,500 náírà lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ 22 lóṣù ti di 55,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó kéde fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 2024 jẹ́ 85,000. Yọ ọkọ̀ kúrò, kó o wo ohun tó kù. Tún bi wọ́n bóyá iye tí wọ́n pè jẹ́ ti inú ìwé, kí wọ́n tó yọ nǹkan kan kúrò, àbí èyí tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì máa mú wá. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100, kí ọ̀gá dá ìdá 10. Nínú 250,000, tìrẹ lè tó 20,000, owó orí ò tíì sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà oṣù àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ àǹtí mi yẹn lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò, a ṣírò ọkọ̀, ilé, dátà, gbogbo ẹ̀. Nígbà tó pè mí láti ibùdókọ̀ CMS, ariwo kọ̀ńdọ́ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní wọ́n ní àwọn á pe òun.

Mo ní, "O sọ iye yẹn?"

"Mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin yẹn wò mí, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ."

"Ó wá ní kí ni?"

"Ó kọ ọ́ sílẹ̀."